Bàbá Tó Ń Ya Ìjà

Yìnyín ló jí wa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọdé ń ṣà jẹ nílé o. Ó tóbi tó ẹyin adìyẹ, ó sì ń já bọ́ bí ẹni pé ẹnì kan dúró lókè tó ń fi ìbínú sọ̀kò. Ooru ti kọ́kọ́ há wa mọ́lé fún ọjọ́ mélòó kan, irú ooru Houston tó máa ń lẹ̀ mọ́ni lára bí aṣọ tútù. Nígbà tó di ìdájí, ojú ọ̀run yí padà. Ó dúdú, ó tún ní àwọ̀ ewé díẹ̀, bí ojú ara ẹni tí wọ́n lù. Ìjì gbé ìdérí garawa ìdọ̀tí sọ sí ẹ̀gbẹ́ fíríwéè, títì márosẹ̀ wọn, òjò tẹ̀lé e, yìnyín tẹ̀lé òjò. Ó fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ ọmọ mi. Ó já ewé gbogbo igi tó wà níwájú apátímẹ́ǹtì wa sílẹ̀ bí ẹni já ẹ̀fọ́. Ẹyẹ dúdú kan tó sá sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó bá a níbẹ̀, ó pa á.

Ọmọ mi obìnrin, nọ́ọ̀sì ni. Ó lẹ ọ̀rá mọ́ ojú gíláàsì tó fọ́, ó gbọn àfọ́kù kúrò lórí àga, ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí dékíà tí wọ́n ti ń bá wọn tọ́jú ọmọ, ó sì gba ibi iṣẹ́ lọ. Iṣẹ́ kò mọ yìnyín nílùú yìí. Ó ní kí n má jáde. Mo ní ó dáa. Nígbà tí yìnyín dá, mo bu ẹja yíyan sínú abọ́, mo dé e, mo sọdá sí ọ̀dọ̀ bàbá tó ń gbé ní ilé tó kọjú sí tiwa. Wọ́n ń retí àlejò lọ́jọ́ náà, mo sì ti ṣèlérí pé ẹnu àlejò kò ní gbẹ.

Ará Japan ni bàbá náà. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n gbẹ bí pańla, ṣùgbọ́n apá wọn le. Àwọn nìkan ló ń gbélé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Stafford láti wá bá ọmọ mi tọ́jú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, atẹ́gùn gbé gèlè mi kúrò níbi tí mo sá a sí, ó balẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn wọn. Wọ́n mú un wá fún mi. Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń yàwòrán wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n wá fi ọwọ́ òsì na gèlè sí mi.

Mo dúró. Mi ò gbà á. Mo ní, "Bàbá, ọwọ́ òsì kẹ̀? Ṣé ẹ bá mi jà ni?" Yorùbá ni mo sọ, mo wá fi ọwọ́ ọ̀tún tọ́ka sí ọwọ́ òsì tèmi kí wọ́n lè rí ohun tí mò ń wí. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì há ẹnu, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé gèlè náà, wọ́n tẹrí ba, wọ́n fún mi. Mo ní háà, èyí ní ẹ̀kọ́ ilé. Látọjọ́ náà, bó ṣe abẹ́rẹ́ ni wọ́n fẹ́ fún mi, ọwọ́ méjèèjì ni. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe nílé tiwọn, Amẹ́ríkà ló jẹ́ káwọn gbàgbé.

Gẹ̀ẹ́sì wọn kò pọ̀, tèmi náà kò pọ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa méjèèjì, a dà á pọ̀, ó tó wa í jẹ. Ọmọ mi máa ń bá wa tú èyí tó bá le. Bí mo ṣe gbọ́ ìtàn wọn nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, lórí ẹja. Ní Ẹ̀pẹ́, ẹja ni mò ń yan títí mo fi dàgbà. Inú ẹja ni àwọn náà fi gbogbo ìgbà èwe wọn ń là. Kì í ṣòro fún ẹni méjì tí ẹja tọ́ láti jọ sọ̀rọ̀.

Létí òkun ni wọ́n bí wọn sí. Bàbá tó bí wọn, mi ò ní fi ọ̀wọ̀ pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó ti kú, kó máa lọ. Okùn àwọ̀n ló fi ń nà wọ́n, okùn tó ti mu omi iyọ̀ tó sì le bí irin. Tí ẹja kò bá wọlé, á nà wọ́n. Tó bá wọlé, á mutí, á nà wọ́n. Lọ́jọ́ kan, àwọ̀n bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, bàbá náà gbé wọn jù sínú òkun nígbà òtútù, ó sì jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jà fún ẹ̀mí. Wọ́n kúrò níléèwé láì tíì mọ̀wé dáadáa. Mo ní kí wọ́n má da ara wọn láàmú, èmi náà, kíláàsì kẹrin ni mo ti já.

Nígbà tí wọ́n di géńdé, wọ́n wọ ọkọ̀ ńlá tó ń pẹja lójú agbami. Ọkùnrin méjì jà nínú ọkọ̀ náà lórí bàtà òjò. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń la ẹja ni wọ́n fà yọ síra wọn. Ọ̀kan fa ikùn èkejì ya láti ìsàlẹ̀ dé àyà. Bàbá ló gbé orí ẹni náà sórí itan títí ó fi kú. Wọ́n ní ìfun rẹ̀ ń gbóná jáde nínú òtútù, èéfín ń rú lára rẹ̀ bí ara ọbẹ̀. Wọn kò rí oorun sùn mọ́. Tí wọ́n bá ti dijú, ikùn á ya. Wọ́n wá wọ ilé ìdáná ọkọ̀, wọ́n fi ìka ha dúdú ìdí ìkòkò, wọ́n ya páálí ìrẹsì, wọ́n fi ìka náà ya òkú náà sínú rẹ̀, pẹ̀lú ikùn, pẹ̀lú èéfín, pẹ̀lú bàtà. Nígbà tí wọ́n yà á tán, wọ́n sùn.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn.

Ọkọ̀ náà dé èbúté kan ní ìsàlẹ̀ Texas níhìn-ín, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọn kò padà. Wọ́n pa edé. Wọ́n bá wọn pa màlúù ní ọ̀nà Rosenberg. Wọ́n gé ẹja nílé oúnjẹ títí agbára fi dín. Bébà funfun tí wọ́n fi ń di ẹran, òun ni wọ́n ń yàwòrán sí, títí di òní. Yíǹkì tí wọ́n ń lò, dúdú èéfín ni wọ́n fi ṣe é. Ó le bí ọṣẹ gbígbẹ. Òkúta wíwúwo kan wà tí wọ́n máa ń ta omi sí, wọ́n á máa lọ yíǹkì náà lórí rẹ̀ bí ẹni lọ ata. Mo gbóòórùn rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó rán mi létí ààrò mi.

Ìjà ni wọ́n ń yà. Àkùkọ méjì tó ń fi ẹ̀kànná ya ara wọn. Ìgbì òkun tó ń ṣẹ́ ọkọ̀ sí méjì. Màlúù àti àáké. Tí wọ́n bá ń yà á, àwọn náà ń jà ni. Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n máa ń wà, bébà á wà nílẹ̀, wọ́n á mú búrọ́ọ̀ṣì bí ẹni mú ọ̀bẹ, wọ́n á ké, wọ́n á gbá a mọ́ bébà, yíǹkì á fò dé àjà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo rò pé olè ló wọlé tọ̀ wọ́n. Mo gbé omorogùn, mo já wọlé. Wọ́n gbójú sókè, yíǹkì kún ojú wọn, wọ́n ní, "Màmá, ṣé oúnjẹ ti jinná ni?"

Wọ́n á wá kọ ewì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ewì wọn kéré. Nílé, akéwì á kọ́kọ́ kí onílé kí àlejò kó tó sọ ohun tó bá wá. Tiwọn á ti parí kí n tó rí àga jókòó sí. Èyí tí wọ́n kọ sí ti màlúù, ọmọ mi tú u fún mi báyìí:

*Màlúù ń wo ojú mi,*
*àáké ti wà lókè.*
*Èmi náà kò ṣẹ́jú.*

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kì í ya òdòdó, kí wọ́n ya ọmọdé tó ń ṣeré. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn sókè, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. Wọ́n ní ọwọ́ yìí kò mọ irú ìyẹn.

Ohun tí wọ́n ń wí yé mi nígbà tó yá. Wọ́n ti fẹ́yàwó rí, wọ́n sì bí ọmọkùnrin kan. Ọwọ́ tí bàbá wọn fi ń nà wọ́n ti wọ inú tiwọn. Bẹ́líìtì ni tiwọn. Ọmọ náà máa ń sá sábẹ́ tábìlì, wọ́n á fi ẹsẹ̀ ti tábìlì sápá kan, wọ́n á bá a níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, irin orí bẹ́líìtì la ọmọ náà lókè ojú, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé e, ó jáde, kò padà mọ́. Bàbá sọ ọ́ fún mi láì gbójú kúrò lójú mi. Wọ́n ní látọjọ́ náà, ọwọ́ ọ̀tún àwọn kò tún lu ẹ̀dá kankan. Ṣùgbọ́n ó ń yún wọn. Tó bá ti yún wọn, wọ́n á mú búrọ́ọ̀ṣì.

Mo yọ egungun inú ẹja, mo gbé ẹran rẹ̀ síwájú wọn.

Gbogbo ìjà ayé ni wọ́n ti yà, àfi ọ̀kan. Ó ti ń gbé wọn lọ́kàn láti ọdún tó pẹ́. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fa bébà náà ya, wọ́n á fi iná sí i. Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, wọ́n yà á parí. Wọ́n pè mí pé kí n wá wò ó. Tábìlì ni, àti ọwọ́ ńlá kan tó wá látòkè pẹ̀lú bẹ́líìtì. Ẹni tó ni ọwọ́ kò sí nínú rẹ̀, ọwọ́ nìkan ni. Lábẹ́ tábìlì, ọmọ kékeré kan ká jọ bí ìgbín. Ojú rẹ̀ ni mi ò lè wò pẹ́. Bàbá ní àwọn ti pe ọmọ àwọn lórí fóònù, pé kó wá, pé ohun kan wà tí àwọn fẹ́ fún un. Wọ́n ní ẹnu àwọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì, bóyá àwòrán á mọ̀ ọ́n. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń wá kí wọ́n tó kú nìyẹn, kí ọmọ náà gbà á lọ́wọ́ wọn.

Àlejò ọjọ́ yìnyín nìyẹn.

Mo ti gbé abọ́ ẹja sílẹ̀, mo fẹ́ máa lọ, nígbà tó wọlé. Ọkùnrin gíga ni, irun rẹ̀ ti ń funfun. Àpá kan wà lókè ojú rẹ̀. Iṣẹ́ òrùlé kíkàn ló ń ṣe, láti Greenspoint, ní òdìkejì Houston, ló sì ti wá. Hámà wà ní ìgbànú rẹ̀, nítorí ọjọ́ yìnyín ni ọjọ́ iṣẹ́ fún àwọn kanlékanlé, ibẹ̀ ló ń lọ tó bá kúrò níhìn-ín. Ó kí mi, ó pè mí ní má'àmù. Kò kí bàbá rẹ̀. Bàbá dorí kọ ilẹ̀ fún un, iwájú orí wọn kan kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá fún ọmọ! Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Wọ́n tẹ́ bébà náà sílẹ̀. Ọmọ náà dúró lé e lórí. Ó wò ó pẹ́. Bàbá fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ sọ ewì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún un:

*Ọwọ́ ti sọ̀ kalẹ̀ tipẹ́.*
*Lábẹ́ tábìlì,*
*ọmọ náà ṣì ń wòkè.*

Ó gbá wọn létí. Mi ò rí i nígbà tó gbé ọwọ́, ariwo rẹ̀ ni mo gbọ́. Bàbá ṣubú lu ògiri, wọ́n dìde, ó tún gbá wọn. Ẹ̀jẹ̀ yọ nímú wọn. Ó gbé òkúta tí wọ́n fi ń lọ yíǹkì, ó sọ ọ́ mọ́ ògiri, ògiri lu, yíǹkì ta sí wa lára. Ó fẹsẹ̀ tẹ àwọn búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń ṣẹ́ lábẹ́ bàtà rẹ̀ bí igi ìdáná. Ó dojú tábìlì oúnjẹ délẹ̀ pẹ̀lú ẹja mi. Ó ta bàbá nípàá ní ìhà, mo sì gbọ́ bí èémí ṣe jáde lára wọn. Mò ń ké pé ó tó, ó tó, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ mi? Ohun tó ń bí i nínú, mo gbọ́ ọ nínú ohun tó ń pariwo: pé bàbá òun na òun ní kọ̀rọ̀, ó wá kó ìtìjú òun sórí bébà fún aráyé wò, fún obìnrin ilé kejì wò.

Ó dáwọ́ dúró. Ó ń mí bí ẹṣin. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, èyí ló sì bà mí lẹ́rù ju ariwo lọ.

Ó ní, "Ọwọ́ tí o fi lù mí náà ni o fi yà mí. Mi ò fẹ́ nǹkan kan tó bá ti ọwọ́ yẹn wá."

Bàbá fà wá sórí bébà náà lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún wọn lé e, wọ́n ya ìka sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ tí wọ́n yà. Wọ́n ní, "Ó dáa. Mú un."

Ọmọ náà sì fa hámà yọ.

Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé mi, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì sá fún ìjà rí. Ní Ẹ̀pẹ́, mo ti dúró láàárín apẹja méjì tó fa àdá yọ síra wọn. Mo kúnlẹ̀ ni. Mo fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ̀ wọ́n, àdá bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ọmọ ènìyàn wo ló máa rí ẹni tó jẹ́ ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀ lórí eékún níwájú rẹ̀, tí kò ní sọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nù? Ohun tó wúwo jù tí àgbà lè ṣe fún ọmọdé nìyẹn, èpè ni fún ẹni tó bá kọjá lórí rẹ̀. Mo já gèlè mi sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ láàárín bàbá àti hámà. Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí mo ní sá lọ pátápátá. Mo ní, "Mo fi ìkúnlẹ̀ tí ìyá rẹ kúnlẹ̀ bí ọ bẹ̀ ọ́. Ọmọ mi, gbé irin yẹn sílẹ̀."

Ó wò mí bí wọ́n ṣe ń wo arúgbó tí ẹsẹ̀ yọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó rò pé mo ṣubú ni. Ó tilẹ̀ na ọwọ́ kejì láti gbé mi dìde. Ó ní kí má'àmù dìde, kí n máa lọ sílé, pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn mí. Ó gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí mi, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó má baà tẹ̀ mí. Ó wá sọ hámà náà lé ọwọ́ bàbá rẹ̀.

Ó dún bí ìgbà tí wọ́n fọ́ èkùrọ́. Bàbá kò ké. Wọn kò sì fa ọwọ́ náà kúrò. Ẹ̀jẹ̀ jáde láàárín ìka wọn, ó bo tábìlì inú àwòrán, ó ń lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà tún gbé hámà sókè.

Orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo ṣì wà. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bọ́ síwájú ẹnu mi bó ṣe ń gbé e lọ sókè. Mo bù ú jẹ. Mi ò rò ó, mo kàn rí i pé eyín mi ti wà nínú ẹran. Ó pariwo. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ gbá mi lórí, ojú mi ṣú, mi ò tú u. Ó tún gbá mi. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ṣàn lọ sí ọ̀fun mi, ó ní adùn iyọ̀ àti ìṣó. Mò ń gbọ́ bàbá tó ń sọ èdè wọn, ohùn wọn lọ sókè, mi ò mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n ń bẹ̀ tàbí òun. Hámà jábọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ eékún mi. Nígbà náà ni mo yanu. Eyín mi kan kò bá mi padà.

Ó fìdí jókòó sẹ́yìn tábìlì tó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ká eékún rẹ̀ mọ́ àyà, ó di ọwọ́ tí mo bù jẹ mú. Ó ń wo ọwọ́ bàbá rẹ̀. Ọkùnrin tí irun rẹ̀ ti ń funfun, ó bú sẹ́kún bí ọmọ tí wọ́n já lọ́mú. Òun fúnra rẹ̀ ló fa fóònù yọ tó pe ámbúláǹsì. Mo fi gèlè mi di ọwọ́ bàbá. Ó yára kún.

Ọlọ́pàá bi bàbá lórí ibùsùn ámbúláǹsì, bàbá ní àwọn ni àwọn ni ẹ̀bi, àwọn ni àwọn gbé ọwọ́ kalẹ̀. Ọlọ́pàá bi èmi náà. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí, ti bàbá àti ti ọmọ, mo sì la ẹnu mi fún wọn. Wọ́n mú ọmọ náà lọ. Ó tẹrí mọ́lẹ̀, kò bá wọn jìjàkadì.

Nígbà tí ọmọ mi dé nírọ̀lẹ́, ó bá mi nídìí ẹ̀rọ omi, mò ń fi omi iyọ̀ fọ ẹnu.

Ó ní, "Màmá, wọ́n ní ẹ bu ènìyàn jẹ."

Mo ní, "Mo bu ènìyàn jẹ."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní eyín yín ò lè jẹ ẹran mọ́, tí mò ń bá yín lọ̀ ọ́?"

"Ẹran tìrẹ ló le."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà yí padà lójú rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi ìka wá ibi tó wú lórí mi. Ó ní kí ló dé tí mo kúnlẹ̀, ta ló sọ fún mi pé ọmọ tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ jẹ́? Mo ní mi ò rò pé ó yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìyẹn. Ó ti pe ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé bàbá lọ. Egungun ìka wọn ti rún. Wọ́n ti to irin sínú rẹ̀, ó lè jinná, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún náà kò ní lè di búrọ́ọ̀ṣì mú mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, oòrùn ràn bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Mo kọ́kọ́ lọ fọ kápẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹ̀jẹ̀ lọ díẹ̀, yíǹkì kò lọ rárá. Òkúta náà kò fọ́, etí rẹ̀ kan ló là, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e sójú fèrèsé. Mo yan ẹja mìíràn. Ọmọ mi gbé mi dé ilé ìwòsàn, ọ̀rá ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ń lu pàpàpà ní gbogbo orí fíríwéè.

Bàbá jókòó lórí ibùsùn. Ojú wọn ti wú, ọwọ́ ọ̀tún wọn funfun, ó tóbi bí orí ọmọ. Wọ́n ti tọrọ gègé lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Bébà ìnuwọ́ tó bá oúnjẹ wọn wá, òun ni wọ́n tẹ́ sórí itan, wọ́n sì ń fi ọwọ́ òsì yàwòrán sí i. Ilà náà ń wọ́ kiri bí èèrà tó ṣìnà. Àmọ́ mo dá a mọ̀. Ọmọ kékeré kan ni. Kò sí tábìlì, kò sí ọwọ́, kò sí bẹ́líìtì. Ọmọ náà jókòó, ó na ẹsẹ̀, kò ṣe nǹkan kan.

Wọ́n bá ọmọ mi sọ̀rọ̀, ó tú u fún mi. Wọ́n ní ọwọ́ òsì yìí kò di bẹ́líìtì mú rí, kò di ọ̀bẹ mú. Kò lu ẹnikẹ́ni rí. Bóyá ọmọ náà á gba tirẹ̀. Wọ́n ní ṣé mo lè bá àwọn tọ́jú bébà náà títí ọlọ́pàá á fi dá ọmọ náà sílẹ̀, kí n fún un.

Wọ́n wá fẹ́ na bébà náà sí mi, wọ́n rántí. Wọ́n fẹ́ gbé ọwọ́ ọ̀tún kún un, ọwọ́ náà kò gbéra. Wọ́n wò mí. Bébà náà wà lọ́wọ́ òsì wọn, láàárín èmi àti àwọn.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì gbà á. Mo fi í sáàárín Bíbélì tó wà nínú àpò ọmọ mi kó má baà rún, mo dìde, mo ṣí abọ́, mo yọ gbogbo egungun inú ẹja náà, mo sì fi ẹran rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ òsì.